Ìdí Tí A Fi Ń Yẹ Ẹrù Oko Wò Kí Ó Tó Wọ Ọkọ̀

Ní ọjọ́ kan tí a parí ìpàdé ẹgbẹ́ wa, ìyá kan tí ó ti ń ta ẹ̀wà ní ọjà wa láti ìgbà tí mo wà ní ọmọdé dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, ẹ bá mi tú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀wà tí àwa ń jẹ tí a kò kú, kí ló dé tí àwọn òyìnbó fi kọ̀ ọ́?" Mo fún un ní èsì kúkúrú, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, èsì náà kò tẹ́ èmi pàápàá lọ́rùn. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ yìí ni èsì rẹ̀ ní kíkún, ó sì gba pé kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn.

Kòkó kì í ṣe igi ilẹ̀ wa. Láti Fernando Po ni a ti mú irúgbìn rẹ̀ wá, J. P. L. Davies, ọ̀gá ọkọ̀ òkun àti oníṣòwò, sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbìn ín ní agbègbè Èkó, ní oko rẹ̀ ní Ìjọn, ní nǹkan bí 1880. Lẹ́yìn rẹ̀ ni J. K. Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Agége sọ ọ́ di iṣẹ́ ńlá. Àwọn alágbàṣe wọn a sì mú èso rẹ̀ dání bí wọ́n bá ń padà sí oko baba wọn. Ojú irin tí a bẹ̀rẹ̀ ní 1896 dé Ìbàdàn ní 1901, àpò kòkó sì ń gba Ẹ̀bútè Mẹ́ta kọjá lọ sí etí òkun, ní ibi tí kò jìnnà sí wa. Ní gbogbo àkókò yìí, kò sí ẹni tí ó bèèrè bóyá àrùn wà lára irúgbìn tí à ń gbé kiri. Orí ló yọ wá.

Nígbà tí ó yá, orí kò yọ wá mọ́. Ní 1936 ni àwọn onímọ̀ ṣe àkíyèsí àrùn kan lára kòkó ní Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí. Ẹ̀ka igi á wú, ewé á yí àwọ̀ padà, èso á dínkù, igi á sì kú láàárín ọdún díẹ̀. Kòkòrò funfun kékeré kan tí ń fa omi ara igi mu ni ó ń gbé àrùn náà láti igi dé igi. Kò ní oògùn. Ohun kan ṣoṣo tí ìjọba mọ̀ ni pé kí a gé igi tí ó ń ṣàìsàn, àti àwọn tí ó yí i ká pẹ̀lú, bí wọ́n tilẹ̀ ń so. Ní 1944 a rí i ní ìtòsí Ìbàdàn. Ní 1946 ni ìgégi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ara wa sí ipò àgbẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi ń tọ́jú kòkó kí ó tó so dáadáa. Igi náà ni owó ilé-ìwé ọmọ, òun ni páànù orí ilé, òun ni owó ìyàwó. Àlejò kan wá dé pẹ̀lú àdá ìjọba, ó ní igi tí ń so yìí ti kú tán. Àwọn àgbẹ̀ Ìbàdàn kọ̀, nínú ìbínú yẹn ni Ẹgbẹ́ Máyégún sì ti jáde. Ní Gold Coast, ìgégi kòkó wà lára ohun tí ó mú inú àgbẹ̀ ru ní àkókò rògbòdìyàn 1948. Nígbà tí ó di 1950, ìjọba níhìn-ín dáwọ́ ìgégi dúró ní ibi tí àrùn ti gbilẹ̀ jù. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ jáde, mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ pé ìjọba ló tọ̀nà, pé àgbẹ̀ ni kò gbọ́n. N kò sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìmọ̀ ìjọba tọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò gé igi onígi nítorí àǹfààní gbogbo ìlú yẹ kí ó kọ́kọ́ jókòó ti onígi pẹ́, kí ó sì san ohun tí igi náà tó fún un.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé àrùn tí ó ti wọlé tán kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ìgbà tí ó ṣì wà lẹ́nu odi ni à ń dá a dúró. Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn baba wa kì í jẹ́ kí ẹni tí ilẹ̀ gbígbóná bá mú gbé àárín ìlú. Wọ́n á pa àgọ́ fún un ní ẹ̀yìn odi. Àwọn ará Ragusa, ìlú kan ní etí òkun tí ó kọjú sí Ítálì, ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní 1377: ẹni tí ó bá ti ibi àjàkálẹ̀ àrùn wá gbọ́dọ̀ dúró fún ọgbọ̀n ọjọ́ kí ó tó wọ ìlú. Nígbà tí ó yá, ọgbọ̀n di ogójì, láti inú ogójì yìí lédè Ítálì ni ọ̀rọ̀ náà, kọ̀ráńtíìnì, sì ti jáde.

Ojú wa rí nǹkan kí a tó kọ́ láti ṣe é fún irúgbìn. Ní 1949, àrùn kan tí ń mú kí ewé àgbàdo dà bí irin tí ó dípẹtà yọjú ní Sierra Leone. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ní ọdún kejì ó ti dé Nàìjíríà, kò sì pẹ́ tí ó fi la Áfíríkà kọjá. Àwọn orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn ìdáàbòbò irúgbìn ní Róòmù ní 1951, a sì ṣe ti Áfíríkà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1954. Òfin Nàìjíríà tí ó káwọ́ kíkó irúgbìn wọlé jáde ní 1959. Moor Plantation ní Ìbàdàn sì di ibi tí a ti ń sé irúgbìn àjèjì mọ́ tí a sì ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ohun tí ń wọlé nìkan ni àwọn òṣìṣẹ́ yìí ń ṣọ́. Ẹnu ọ̀nà kan náà ni à ń gbà wọlé tí à ń gbà jáde. Kí àpò kan tó wọ ọkọ̀ ní Àpápá, ó yẹ kí òṣìṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kòkòrò, èso igbó tàbí iyẹ̀pẹ̀ wà nínú rẹ̀, kí ó sì fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí ìlera irúgbìn. Ìjọba sí ìjọba ni ìwé náà. Ọ̀rọ̀ ẹnu orílẹ̀-èdè ni. Bí àwọn ará ibẹ̀ bá gbà á gbọ́, ẹrù á yára kọjá. Bí wọ́n bá ti rí kòkòrò nínú ẹrù tí ìwé sọ pé ó mọ́, wọ́n lè sun ún tàbí kí wọ́n dá a padà, ẹni tí ó ni ín ni yóò sì ru gbèsè rẹ̀. Ẹrù oníwà títọ́ tí ó bá tẹ̀lé e náà yóò jìyà. Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.

N kò lè fo ìtàn ẹ̀gẹ́. Ní 1973 ni a rí kòkòrò funfun kan lára ẹ̀gẹ́ ní Congo àti Zaire, ìbátan èyí tí ń gbé àrùn kòkó. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá, a sì gbà pé ara igi ẹ̀gẹ́ tí a gbé wá fún gbígbìn ni ó lẹ̀ mọ́. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, ó ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1981 ni a rí kòkòrò náà ní Paraguay, pẹ̀lú agbọ́n kékeré kan tí ń pa á. Hans Herren àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IITA, Ìbàdàn, fẹ́ agbọ́n yìí kíákíá, nítorí ebi ń bọ̀. Síbẹ̀ wọn kò gbé e tààrà wá. Lọ́ńdọ̀nù ni a kọ́kọ́ gbé e lọ, a sé e mọ́ níbẹ̀, a yẹ̀ ẹ́ wò, kí a tó tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún náà. Agbọ́n tí ó wá gbà wá là pàápàá jókòó sí ẹnu odi! Herren gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 1995.

Ó wá kan ẹ̀wà ìyá wa. Ní oṣù Kẹfà 2015 ni Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù dá ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà dúró. Wọ́n sún un síwájú ní 2016, wọ́n tún sún un ní 2019. Oògùn apakòkòrò dichlorvos ni wọ́n rí nínú rẹ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n gbà láyè ni miligíráàmù 0.01 nínú kílò kan. Wọ́n rí láti 0.03 dé 4.6. Òǹtajà ń bẹ̀rù kòkòrò, nítorí ẹ̀wà tí ó ti lu kò ní olùrà. Ó wá da oògùn sí i kí kòkòrò má bàa yọ. Ó sá fún ẹ̀sùn kan, ó kó sínú èkejì. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru: ẹ̀wà tí òyìnbó kọ̀ yìí, irú rẹ̀ kan náà ni àwa ń sè fún àwọn ọmọ wa. Òfin tí ó fi ìdí Ilé-iṣẹ́ Kọ̀ráńtíìnì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ múlẹ̀ jáde ní 2017. NAFDAC sì fòfin de ìgò kékeré oògùn náà ní 2019.

Mo padà tọ ìyá náà lọ ní ìsọ̀ rẹ̀, mo sì mú àpò kan dání: ọ̀rá méjì nínú àpò kan, irú èyí tí àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dán wò ní Kamẹrúùnù ní nǹkan bí 1987. Bí a bá dì í pa, afẹ́fẹ́ á tán nínú rẹ̀, kòkòrò á sì kú láìsí oògùn. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó fi ọwọ́ fà á, ó bèèrè iye rẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tíṣà, ó dára. Ṣùgbọ́n tí èmi bá ra èyí, tí ẹni tí ó wà nísọ̀ kejì sì ń lo ìgò kékeré yẹn, tirẹ̀ ni yóò pọ́kú lójú oníbàárà. Ta ni yóò san ìyókù fún mi?" Mo ti fi ìbéèrè náà sínú ohun tí a óò jíròrò ní ìpàdé ẹgbẹ́ oṣù tí ń bọ̀.