Ìṣòro Tẹ́mínà st àti Orísun Wọn

St jẹ́ tẹ́mínà kékeré tí ẹgbẹ́ suckless fi èdè C kọ fún X11. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi ohun púpọ̀ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́. Inú fáìlì config.h ni àwọ̀, fóǹtì àti ìṣe bọ́tìnnì wà; ẹni tó bá yí wọn padà gbọ́dọ̀ pàṣẹ make clean install kí ó tó rí àyípadà. Kò sí ọ̀nà láti padà wo ìlà tó ti kọjá lójú rẹ̀, àfi kéèyàn lo ètò mìíràn bíi tmux tàbí scroll. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lò ó ṣe máa ń ní ó ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá tọpasẹ̀ ẹ̀sùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ibòmíràn ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Bí sáfà tí a fi ssh wọ̀ bá ní òun kò mọ st-256color, àkọsílẹ̀ terminfo tó ń ṣàpèjúwe st ni kò sí níbẹ̀. Àṣẹ infocmp -x st-256color níhìn-ín, tí a darí àbájáde rẹ̀ sí tic -x - ní sáfà, yóò tán an. Bí Delete kò bá pa lẹ́tà rẹ́ nínú bash, bash ni kò tan keypad. Ẹ kọ set enable-keypad on sínú ~/.inputrc. Bí st bá kú fin-ín nígbà tí emoji aláwọ̀ dé ojú rẹ̀, Xft àtijọ́, tó ń ya lẹ́tà sójú X11, ló fà á, wọ́n sì ti tún un ṣe ní 2022.

Ẹnìkan lè bi wá pé kí ló kan òun nípa ẹni tó jẹ̀bi, nígbà tí xterm, tẹ́mínà mìíràn, ń ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà. Ìbéèrè náà tọ́, nítorí ẹni tí iṣẹ́ ń lé kò ráyè wádìí. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń kọ TERM=xterm kí ariwo sáfà pé òun kò mọ st-256color lè dákẹ́. Àmọ́ àwọn ètò yóò wá máa fi àṣẹ tí st kò gbọ́ ránṣẹ́ sí i, ojú tẹ́mínà lè dàrú, kò sì ní sí ọ̀rọ̀ kankan tí yóò tọ́ka ibi tí àṣìṣe wà. Ariwo tó dárúkọ ohun tó sọnù sàn ju ìyẹn lọ.

Ẹ̀sùn kan wà, ẹ̀wẹ̀, tí st kò lè yẹ̀ sílẹ̀, àwa tó ń kọ Yorùbá ló sì dùn jù. Àmì Unicode kan ṣoṣo ni àyè kọ̀ọ̀kan lójú rẹ̀ lè gbà. Á àti ọ ní àmì tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Lẹ́tà àti àmì ohùn ni a ń so pọ̀. Bí àmì ohùn bá dé, lẹ́tà tó tẹ̀ lé e yóò gorí rẹ̀, a ó sì pàdánù àmì náà. Kò sí ìlà kan nínú config.h tó wo èyí sàn. Ẹni tó fẹ́ ka Yorùbá alámì lórí tẹ́mínà, kí ó lo xterm tàbí GNOME Terminal.