Àlọ àti Àbọ̀ ní Ìkẹjà òun Agége

Òṣìṣẹ́ Yorùbá tí ó bá fi ìdí ẹ̀rọ sílẹ̀ ní Ìkẹjà láti lọ mu omi yóò sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé, “I am coming, sir.” Òyìnbó tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ yóò lanu, nítorí ẹni tí ó ní òun ń bọ̀ ti kẹ́yìn sí i, ó ń lọ. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, come gbọ́dọ̀ dojú kọ ibi tí olùsọ̀rọ̀ tàbí olùgbọ́ wà. Go ni ti ẹni tí ń kúrò. Bọ̀ tiwa kò wo ibi tí a kọjú sí. Ìlérí ni: ìrìn náà kò parí àfi ìgbà tí a bá tún dé. Wá kò ní ìlérí yìí nínú.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá gírámà ní agbègbè náà. Ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í là láti Èkó ní 1896, tí ó dé Ìbàdàn ní 1901, gba Agége kọjá. J. K. Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ olóko Agége sílẹ̀ ní 1907, àwọn lébìrà sì ń ti òkè wá síbi oko kòkó àti obì. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn wá ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún iléeṣẹ́ ní Ìkẹjà kí 1960 tó dé, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti ka ìwé mẹ́fà ni ó rọ́ wá, Agége ni púpọ̀ nínú wọn sì gba yàrá sí. Wọ́n ti sọ nílé pé àwọn ń bọ̀. Wọn kò kó lọ. Ẹni tí ó kó ti di ẹrù rẹ̀ tán. Adrian Peace, tí ó ṣe ìwádìí láàrin wọn, fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ti 1979 pé owó tí wọn yóò fi dá iṣẹ́ ara wọn sílẹ̀ ni wọ́n ń wá. Nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ kan kọ̀ láti san owó Adébọ̀ ní 1971, tí òṣìṣẹ́ Ìkẹjà sì daṣẹ́ sílẹ̀, lójú tèmi, owó àbọ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń jà fún.

Ti àwọn tí Gánà lé yàtọ̀. Ní November 1969, ìjọba Busia fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Yorùbá pọ̀ nínú wọn, Gánà ni wọ́n sì ti bí ọ̀pọ̀ ọmọ wọn. Gbogbo ayé ní wọ́n bọ̀ wálé. Ta ní ń bọ̀ síbi tí kò dé rí? Àwọn òbí ni ó bọ̀. Àwọn ọmọ wá ni.