Bí Ìbọn Ṣe Ń Pẹ́ Lọ́nà: Ẹnu Odò Ògùn, Ọ̀sà Èkó àti Ogun Kírìjì

Ibi tí Odò Ògùn ti ń wọ inú ọ̀sà Èkó ni Àgbóyì wà, bí ọlọ́kọ̀ bá sì tukọ̀ gòkè odò náà, yóò kan Ìṣẹ́rì. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Kọ́sọ̀fẹ́ ni àgbègbè yìí wà lónìí, nítòsí Kétu, Ìkòsí àti ọjà Máìlì 12, ṣùgbọ́n ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹnu ọ̀nà omi tí iyọ̀, aṣọ, ẹ̀tù àti ìbọn ń gbà láti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta ni. Ní òdì kejì ọ̀sà, ní Ìkòròdú, ni ọ̀nà mìíràn ti bẹ̀rẹ̀, èyí tó gba Rẹ́mọ lọ sí Ìbàdàn. Ẹni tó bá di àwọn ọ̀nà wọ̀nyí mú ló ń pinnu ọjọ́ tí ìbọn yóò dé ọwọ́ jagunjagun, ọjọ́ yìí sì ṣe pàtàkì nínú ogun ilẹ̀ Yorùbá bí iye ọmọ ogun ṣe ṣe pàtàkì.

Àwọn Ẹ̀gbá, ará Abẹ́òkúta, mọ èyí dájú. Wọ́n dó ti Ìkòròdú nítorí ọ̀nà tó ń ti ibẹ̀ lọ sí Ìbàdàn, títí tí Glover, tó ń ṣàkóso Èkó fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, fi rán ọmọ ogun la ọ̀sà kọjá ní oṣù kẹta ọdún 1865, tí wọ́n sì fi rọ́kẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọ̀pá onírin tí a rọ ẹ̀tù sí tó ń fi iná fò lọ fúnra rẹ̀, tú ibùdó Ẹ̀gbá ká. Ní 1877, ọ̀rọ̀ náà tún rú yọ. Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò Ìbàdàn, rán àwọn èèyàn lọ ra ẹ̀tù àti ìbọn ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo. Bí wọ́n ti ń gbé e bọ̀, àwọn Ẹ̀gbá dá wọn lọ́nà. Ìbàdàn gbógun ti Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú gbè sẹ́yìn Ẹ̀gbá, gbogbo ọ̀nà etí òkun sì di sísé. Nítorí náà, nígbà tí Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí àti àwọn ará Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà dìde sí àwọn ajẹ́lẹ̀, ìyẹn àwọn aṣojú tí Ìbàdàn fi sí ìlú wọn láti máa gba ìṣákọ́lẹ̀, tí Ogun Kírìjì sì bẹ̀rẹ̀, Ìbàdàn tó ní ọmọ ogun púpọ̀ ni kò ní ọ̀nà tó dájú tí ẹ̀tù yóò gbà dé.

Irú ìbọn tó wà lóde nígbà náà mú kí ìdádúró yìí túbọ̀ le. Láti ẹnu ni wọ́n ti ń ki ṣakabùlà: jagunjagun a da ẹ̀tù sí i, a fi àkísà dí i, a ju ọta irin sí i, a fi ọ̀pá gún gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ni akọ òkúta ìdí rẹ̀ yóò tó ṣáná. Bó bá ti yìn ín lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ́dọ̀ fà sẹ́yìn kó tó lè tún un kì. Ṣùgbọ́n Snider, tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà ní 1866, àti Martini-Henry tó tẹ̀ lé e ní 1871, ìdí ni wọ́n ti ń ki ọta sí, ẹ̀tù àti ọta sì jọ wà nínú àpò idẹ kan ṣoṣo, débi pé ẹni tó mọ̀ ọ́n lò lè yìn ín tó ìgbà mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú kan. Alágbẹ̀dẹ ilé lè rọ ọta ṣakabùlà. Kò lè rọ ọta Snider. Bí ọ̀nà bá dí fún oṣù mélòó kan, ìbọn olówó ńlá náà á di ẹrù lásán lọ́wọ́ ẹni tó rà á.

Èkìtì-Parapọ̀, ìyẹn àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó para pọ̀ bá Ìbàdàn jà, ló kọ́kọ́ rí ìbọn tuntun náà gbà dáadáa. Àwọn Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àwọn tó padà dé láti Sàró àti Brazil tàbí ọmọ wọn, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n dáwó, wọ́n ra ìbọn ránṣẹ́ sí Ògèdèǹgbé, ọ̀gágun wọn, àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Wọ́n kọ Odò Ògùn àti Ìkòròdú sílẹ̀; ìlà-oòrùn ọ̀sà ni wọ́n tukọ̀ gbà, tí wọ́n sì gba ọ̀nà Oǹdó, èyí tí Glover ti là sílẹ̀ kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, láìfẹsẹ̀ kan ibodè Ẹ̀gbá tàbí ti Ìjẹ̀bú. Ní Ìgbájọ níbi tí Ìbàdàn dó sí, ṣakabùlà ni wọ́n fi ń dáhùn Snider, àwọn ọ̀dọ́ tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ ibodè ni wọ́n sì ń kú nítorí rẹ̀. Ní 1883, nígbà tí sísé ọ̀nà sú àwọn Ìjẹ̀bú fúnra wọn, wọ́n lé ọba wọn, Awùjalẹ̀ Fídípọ̀tẹ̀, kúrò lórí oyè, ó sì lọ sí Ẹ̀pẹ́. Lẹ́yìn èyí ni Ìbàdàn ń rí ìbọn àti ọta rà lọ́wọ́ oníṣòwò Ìjẹ̀bú, ní owó gọbọi. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ni wọ́n ń tà láti san owó ẹ̀tù, àbùkù tó burú jù lọ nínú gbogbo ìtàn yìí.

Ìbọn ń pẹ́ dé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà lákòókò kan náà. Rodney, ọkọ̀ ogun onírin, bọ́ sómi ní 1884, ṣùgbọ́n 1888 ni wọ́n tó lè mú un lò, nítorí pé ìbọn ńlá rẹ̀ kò tètè dé. Ilé iṣẹ́ ogun orí ilẹ̀ ló ń pèsè ìbọn fún àwọn ọkọ̀ ogun nígbà náà, nígbà tí ọ̀kan nínú ìbọn ọkọ̀ Collingwood sì bẹ́ ní oṣù karùn-ún 1886, wọ́n ní láti tún àwọn irú rẹ̀ tó kù ṣe. Ohun tí oníbodè ń ṣe ní ilẹ̀ Yorùbá ni ọ́fíìsì ń ṣe níbẹ̀.

Ní Kírìjì, nígbà tí apá méjèèjì ti wá ní ìbọn tuntun, kò sí èyí tó lè lé ìkejì kúrò lójú ogun. Látòósà kú sí ibùdó ní 1885, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ká pátápátá. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmágbọn ní oṣù karùn-ún 1892, wọ́n sì fi agbára ṣí ọ̀nà tó ti ọ̀sà lọ sí Ìbàdàn. Láàárín àkókò yẹn náà ni àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù àti àwọn mìíràn ti ṣe ní Brussels ní 1890 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tó fòfin de títa Snider àti irú rẹ̀ fún àwọn ará Áfíríkà. Ṣakabùlà àti ẹ̀tù lásán nìkan ló fi sílẹ̀.