Ìlà Orí Afẹ́fẹ́: Bí Wi-Fi Ṣe Ń Pín Àyè

Ẹni tó bá ti dúró nídìí ẹ̀rọ omi rí ní Mowe tàbí Ibafo mọ bí ìlà ṣe ń rí. Kẹ́ẹ̀gì kan ni oníkálukú ń pọn lẹ́ẹ̀kan. Ó dọ́gba lójú, àfi tí ẹnì kan bá gbé kẹ́ẹ̀gì ẹlẹ́nu tóóró dé: gbogbo ìlà á dúró dè é.

Bí Wi-Fi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Òfin rẹ̀, 802.11, tí IEEE, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, gbé jáde ní 1997, ní kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tẹ́tí sí afẹ́fẹ́ ná. Bí ibẹ̀ bá pa rọ́rọ́, kó wá sọ tiẹ̀. Kò sí àgbà, kò sí ọmọdé. Ìméèlì àti ohùn ẹni tó ń pe ìyá rẹ̀ jọ ń tò ni. Ìméèlì lè pẹ́ díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má mọ̀, ṣùgbọ́n tí ohùn bá pẹ́, ọ̀rọ̀ á já, a ó máa pariwo "Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

Àtúnṣe dé ní 2005 pẹ̀lú 802.11e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Wi-Fi Alliance, ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ Wi-Fi, ti mú apá kan rẹ̀ jáde ní 2004, tó pè é ní WMM. Ìsọ̀rí mẹ́rin ni wọ́n pín ẹrù, ìyẹn dátà tó ń gba afẹ́fẹ́ kọjá, sí: ohùn, fídíò, ẹrù ojoojúmọ́, àti èyí tí kò kánjú. Kí ẹ̀rọ tó sọ̀rọ̀, á mú nọ́ńbà kan, á kà á sẹ́yìn dé òdo. Ẹrù ojoojúmọ́ ń mú láti 0 dé 15. Ohùn, láti 0 dé 3. Ohùn á sábà ṣáájú, láìlé ẹnikẹ́ni kúrò lórí ìlà. Ọgbọ́n yìí wù mí gan-an. Ṣùgbọ́n ẹrù gbọ́dọ̀ ní àmì lára, ìpè tó sì gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wá sábà máa ń dé láìní àmì.

Kẹ́ẹ̀gì ẹlẹ́nu tóóró ńkọ́? Ní 2003, Martin Heusse àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Grenoble, ilẹ̀ Faransé, fi hàn pé ẹ̀rọ kan tó jìnnà, tó ń rìn ní mẹ́gábíìtì 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, á fa àwọn tó lè rìn ní 11 sẹ́yìn dé ìwọ̀n tirẹ̀. Ní 2017 ni Toke Høiland-Jørgensen àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ojútùú wọ inú Linux, ètò ìṣiṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ráútà ń lò: àkókò ni kí a pín dọ́gba, kì í ṣe kẹ́ẹ̀gì.

Ní ibi tí ilé ti sún mọ́ ilé, pípín àkókò yìí kì í ré fẹ́ńsì kọjá. Lórí 2.4 GHz, ṣánẹ́ẹ̀lì tí kò fara kanra kò ju mẹ́ta lọ: 1, 6 àti 11. Bí ilé mẹ́rin bá wà lórí 6, ìlà kan náà ni wọ́n jọ ń tò, fóònù kan tó wà ní yàrá ẹ̀yìn ilé kẹrin sì lè máa já ìpè mọ́ ará ilé kìíní lẹ́nu.