Ìtàn Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ àti Ìtọpasẹ̀ nínú Ètò Kọ̀ǹpútà Alábala-Àfikún

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn tí àgbà ń wò yìí ni iṣẹ́ yìí dá lé. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, omi ya wọ Ajégúnlẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ̀fẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì di aláìnílé. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀ ní láti tọ Odò Ògùn gòkè dé ìsédò Ọ̀yán, tí Ààrẹ Ṣéhù Ṣàgàrí ṣí ní 1983, níbi tí wọ́n ti tú omi sílẹ̀ lẹ́yìn òjò àrọ̀ìrọ̀dá. Irú ìtọpasẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń wá.

Ìpìlẹ̀

Ìtì igi ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní log. Àwọn atukọ̀ àtijọ́ a máa ju igi tí a so mọ́ okùn oníkókó sínú òkun láti mọ bí ọkọ̀ ṣe ń yára tó; ìwé tí wọ́n ń kọ iye náà sí ni ó jogún orúkọ igi. Ní àwọn ọdún 1980, Eric Allman ní Yunifásítì Kalifọ́níà, Berkeley, ṣe syslog, kí onírúurú ètò lè máa jábọ̀ síbi kan náà.

Ìdàgbàsókè

Nínú ètò alábala-àfikún, ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó kọ abala kọ̀ọ̀kan. Abala tí iṣẹ́ bá dúró lọ́wọ́ rẹ̀ lè máà jẹ́ ọ̀daràn. Ó lè jẹ́ òkè odò ni ọ̀ràn ti ṣẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ OSGi, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1999, fi fi iṣẹ́ àkọsílẹ̀ sínú ìlànà àkọ́kọ́ wọn ní 2000. Eclipse, tí IBM yọ̀ǹda fún aráyé ní 2001, gba ìlànà OSGi ní ẹ̀dà 3.0 ní 2004. Nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, ìjábọ̀ kọ̀ọ̀kan ń dárúkọ abala tí ó ti wá, àkókò rẹ̀, àti bí ọ̀ràn náà ṣe le tó.

Àkọsílẹ̀ àti ìtọpasẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Àkọsílẹ̀ kì í sùn. Ìtọpasẹ̀ ní tirẹ̀, ìgbà tí a bá ń wá àléébù ni a ń ṣí i, nítorí pé ó ń ka ìṣísẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì lè fa iṣẹ́ sẹ́yìn.

Síbẹ̀, akọ̀wé pàápàá nílò ìṣọ́. Ní oṣù Kejìlá 2021, àṣírí tú pé Log4j, irinṣẹ́ àkọsílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ètò Java ń lò, lè tẹ̀lé àṣẹ tí a fi pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ tí ó ń kọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó fún ọ̀tá láti gba àkóso ẹ̀rọ.

Àgbálọgbábọ̀

Ẹni tí omi wọ ilé rẹ̀ kọ́ ni ó tú omi sílẹ̀. Níbi tí àkọsílẹ̀ kò bá ti dárúkọ orísun, ẹni ìsàlẹ̀ odò ni yóò máa ru ẹ̀bi. Ó yẹ kí olùkọ́ fi èyí kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kí ó tó kọ́ wọn ní ètò kíkọ.