Owó Udoji àti Ọ̀wọ́n Ọjà Ọdún 1975

Ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Owó tí ó wọ àpò òṣìṣẹ́ jẹ́ apá kan; ọjà tí ó wà nílẹ̀ láti fi owó náà rà ni apá kejì. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, kò wọ́pọ̀ kí ìtàn kan fi òtítọ́ yìí hàn tó ìtàn àfikún owó oṣù tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí “owó Udoji”, èyí tí ìjọba ológun Ọ̀gágun Yakubu Gowon san ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975.

Ọ̀rọ̀ owó oṣù ti di ìjà kí ó tó di ìgbà náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 1964, àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí àbọ̀ ìwádìí Ìgbìmọ̀ Morgan. Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí ní ọdún 1970, ìjọba yan ìgbìmọ̀ mìíràn. Alága rẹ̀ ni Olóyè Simeon Adébọ̀, ọmọ Abẹ́òkúta, ẹni tí ó ti ṣe olórí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn rí. Ìgbìmọ̀ yìí jẹ́rìí pé ọjà ti wọ́n, àti pé ìyà tí ń jẹ àwọn tí owó wọn kéré jù lọ ti kọjá ìfaradà. Èyí fi hàn pé ọ̀wọ́n ọjà ti wà nílẹ̀ kí owó Udoji tó dé.

Ní ọdún 1972 ni ìjọba gbé ìgbìmọ̀ Olóyè Jerome Udoji kalẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kọjá owó oṣù nìkan: àtúnṣe gbogbo ètò iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n rán an, kí iṣẹ́ lè yá, kí ó sì méso jáde. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún 1973 sí 1974, iye epo rọ̀bì di ìlọ́po mẹ́rin ní ọjà àgbáyé, àpò ìjọba sì kún. Nígbà tí àbọ̀ ìgbìmọ̀ náà jáde ní ọdún 1974, ìmọ̀ràn lórí ọ̀nà ìṣiṣẹ́ kò gba àfiyèsí púpọ̀. Èyí tí ó jẹ mọ́ owó ni etí gbogbo ènìyàn gbọ́. Owó òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù lọ di náírà 720 lọ́dún, èyí tí í ṣe náírà 60 lóṣù, ó sì ju ìlọ́po méjì iye ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ìjọba ní kí a ka àfikún náà láti oṣù kẹrin ọdún 1974. Nípa bẹ́ẹ̀, àfikún ọ̀pọ̀ oṣù bọ́ sí ọwọ́ òṣìṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ayọ̀ ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré. Ẹni tí ó jẹ gbèsè san án. Ẹni tí kò ní rédíò ra rédíò. Ẹlòmíràn gun alùpùpù fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan ni ó ń ná ọjà. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni da iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní kí a fi kún tiwọn pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì rí i gbà. Onílé fi kún owó ilé, ọlọ́jà fi kún owó ọjà. Àgbẹ̀, télọ̀ àti alágbàṣe kò ní ìgbìmọ̀ tí ó jókòó lórí ọ̀rọ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ ni iye kan náà ni wọ́n ń ra iyọ̀ àti aṣọ. Bí owó oṣù ìlú ti ń dùn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ túbọ̀ ń fi oko sílẹ̀, tí àgbàṣe oko kòkó sì ń wọ́n.

Ní ọdún 1974, iye ọjà fi nǹkan bí ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún ga sí i. Ní ọdún 1975, ó di nǹkan bí ìdá 34. Ṣé owó Udoji nìkan ni ó fà á? Rárá. Ìjọba fúnra rẹ̀ ń ná owó epo bí ẹni ná omi. Ó ti pàṣẹ sìmẹ́ńtì tó nǹkan bí mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọkọ̀ ojú omi tí ó lé ní 400 fi ń dúró de àyè ní èbúté Èkó ní ọdún 1975. Ọjà tí ìbá wọlé láti mú kí nǹkan rọjú há sórí omi. Owó ń sáré, ọjà dúró sójú kan. Ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún náà, àwọn ológun yọ Gowon. Ìdí tí wọ́n fi yọ ọ́ pọ̀, ṣùgbọ́n ìnira ọjà ti wà lọ́kàn aráàlú nígbà náà.

Láti ìgbà náà ni iye owó oṣù tí ó kéré jù lọ ti ń gòkè: náírà 125 nínú òfin ọdún 1981, náírà 30,000 ní ọdún 2019, náírà 70,000 ní ọdún 2024. Àwọn kan ń fi ìtàn ọdún 1975 sọ pé kò yẹ kí a fi kún owó òṣìṣẹ́ rárá. Ìtàn náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tọ́ ni òṣìṣẹ́ béèrè fún, nítorí ebi ti ń pa á kí ó tó béèrè. Ohun tí ìtàn náà kọ́ni ni pé ìbéèrè mẹ́ta gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé àfikún owó: níbo ni owó náà ti wá, báwo ni a ṣe san án, ọjà wo ni ó sì ń dúró dè é? Ìjọba ọdún 1975 dá ti àkọ́kọ́ lóhùn pẹ̀lú epo rọ̀bì. Kò ronú tó lórí méjì yòókù, àwọn tí kò gba kọ́bọ̀ nínú owó náà sì wà lára àwọn tí ó san gbèsè rẹ̀.