Aṣíwájú pọ̀ lóríṣiríṣi nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, 'ṣíwájú', ń ru ẹrù púpọ̀ nínú èdè Yorùbá. Ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ṣíwájú, ẹni tí ó jókòó sórí àga alága ṣíwájú, ẹni tí ó kọ́kọ́ ki ẹsẹ̀ bọ ẹrọ̀fọ̀ nígbà tí wọ́n ń tún ọ̀nà àdúgbò ṣe, òun náà ṣíwájú. Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni ó ní fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹni tí ó bá sì ṣì wọ́n lò nínú lẹ́tà ìwáṣẹ́ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

'Spearhead' wọ́pọ̀ nínú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Irin ṣóńṣó tí ó wà lórí ọ̀kọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an, èyí tí ó máa ń kọ́kọ́ wọlé kí igi ọ̀kọ̀ tó tẹ̀ lé e. Nǹkan bí ọdún 1938 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kojú ìṣòro iṣẹ́, tí àwọn yòókù wá gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé, ni ó tọ́ sí. Nígbà tí àwọn obìnrin Abẹ́òkúta dìde sí owó orí ní àwọn ọdún 1940, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ni ó wà níwájú wọn, títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí ìtẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1949. Bí a bá lo ọ̀rọ̀ yìí fún un, kò sí àṣejù níbẹ̀.

'Head' yàtọ̀, nítorí ipò ni ó ń sọ. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1955, ṣùgbọ́n S. O. Awókọ́yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ni ó gbé àbá náà síwájú ilé aṣòfin ní 1952. 'Head' bá ẹni àkọ́kọ́ mu, 'spearhead' kò sì ṣàì bá ẹnì kejì mu.

Ọmọ ogun tí ń lọ ṣáájú láti lànà ni 'pioneer' láyé àtijọ́. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe ohun tí ẹnìkan kò ṣe rí ni ó wà fún, bíi Henry Townsend tí ó bẹ̀rẹ̀ 'Ìwé Ìròyìn' ní Abẹ́òkúta ní 1859.

'Ringleader' ni ọ̀fìn tó wà níbẹ̀. Ó jọ ọ̀rọ̀ iyì, ṣùgbọ́n olórí àwọn tí ń hùwà ibi ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́ tí ó kó ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ láti gbẹ́ gọ́tà àdúgbò, tí ó wá pe ara rẹ̀ ní 'ringleader' wọn, ti sọ ara rẹ̀ di olórí jàǹdùkú lójú ẹni tí yóò gbà á síṣẹ́. 'I led' ìbá ti tó o.

Iṣẹ́ náà gan-an ni ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé 'spearheaded' tààrà, láìsí 'for' tàbí 'on' láàrin wọn. Ẹni tí ó kàn wà nínú ìgbìmọ̀ kò nílò rẹ̀ rárá. 'Helped to organise' ni kí ó kọ, nítorí wọn yóò bi í ní ohun tí ó ṣe.